Ìwé Àlọ́ Tí Wọ́n Kà Nínú Oòrùn

Ìlútítun. Mọ́ńdè, 14 Fẹ́búárì 1972

Míìsì Agatha, tíṣà pámárì fọ́ọ̀, ní ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé fún ọmọdé, kó kọ́kọ́ máa kọ ohun tójú ẹ̀ ń rí sílẹ̀, kí ọwọ́ ẹ̀ lè mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo ní ọwọ́ tèmi kì í jókòó, òun ni mo fi ń jẹun. Kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyí. Èmi Jàfárù, tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ kó ṣọ́ọ̀kì, pẹ́ńsù àti ìwé òfo kiri ilé ìwé láti ibí dé Ìjù-Odò, èmi tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé ní pámárì fọ́ọ̀ torí pé ọgbọ́n mi ń dí wọn lọ́wọ́, mo fẹ́ kọ ìwé. Gbogbo ìwé kíkà tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ, Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n ti kó o wá. Ọmọ inú ẹ̀ ń wọ rélùwéè lọ kí bàbá àgbà ẹ̀. Ta ló rí rélùwéè rí ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀? Ọmọ inú ìwé tèmi á gun kẹ̀kẹ́, á ṣubú sínú ẹrẹ̀, á jí ẹyìn jẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo.

Mo sọ ọ́ ní gáréèjì Òkìtìpupa lánàá, níwájú gbogbo èèyàn. Àríyọ̀ tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ní, "Ìwọ tó ò ń fi ìka lé lẹ́tà kiri bí ẹni ń lé èèrà?"

Mo ní, "Kí oṣù Méè tó parí, wọ́n á ti máa ka ìwé mi ní kíláàsì. Bí wọn ò bá kà á, ẹ má pè mí ní Jàfárù mọ́."

"Kí la ó wá máa pè ọ́?"

"Ẹ máa pè mí ní Àríyọ̀. Mi ò mọ ìtìjú tó ju ìyẹn lọ."

Ẹ̀rín pa gbogbo gáréèjì. Ó ti tán. Mi ò lè padà sẹ́yìn mọ́.

Wẹ́sìdeè, 16 Fẹ́búárì

Mo kọ ìlà mẹ́ta. Mo pa méjì rẹ́. Èyí tó kù ò dáa.

Jímọ̀, 18 Fẹ́búárì

Mo ti rí ọgbọ́n kan. Kí ni mò ń da ara mi láàmú sí nígbà tí àlọ́ Màámi wà nílẹ̀? Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa á fún wa lálaalẹ́. Mo kó o jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń tún un ṣe. Ìjàpá tèmi, Ìkọ̀yà ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, garawa epo ló ń jí. Mo tilẹ̀ fi orin sí i. Tí mo bá kà á fún ara mi, èmi fúnra mi á rẹ́rìn-ín.

Màámi wọlé, epo wà lára aṣọ wọn. "Kí lò ń kọ tó ò ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè?"

"Àlọ́ yín ni."

"Àlọ́? Oòrùn yìí ńkọ́?"

"Màámi, mi ò pa á o. Mo kàn ń kọ ọ́ ni. Ìwé ò lẹ́nu."

"Ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá ẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mélòó lo ní?"

"Ẹyọ kan. Òun náà ló dúró tì mí yìí tí kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Wọ́n fi aṣọ epo yẹn nù mí lójú, wọ́n jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àbí mo rò pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Túsìdeè, 22 Fẹ́búárì

Ooru ọjọ́ òní, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ lọ bá Jethro ní Òkìtìpupa, òun tó ń kọ lẹ́tà fún àwọn tó ní ẹjọ́ ní kóòtù. Ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí, òun ló fi ń tẹ ìwé ìsìn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó gbójú sókè.

"Jàfárù, orúkọ ẹ tóbi ju orúkọ ìwé lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

"Ó tóbi ju Ìjàpá náà lọ."

"Ìjàpá ò kọ nǹkan kan."

Yíǹkì ti gbówó lórí. Garawa epo náà ti di ọgbọ̀n ṣílè. Gbogbo nǹkan ló ń gòkè àfi èrò ọkọ̀ Àríyọ̀.

Sátidé, 26 Fẹ́búárì

Ó jáde! Owú ni mo fi rán ẹ̀yìn ẹ̀ fúnra mi, ìka mi sì fara gbá nínú ẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ fún Àríyọ̀. Orí ìwé wà nísàlẹ̀, ìdí wà lókè, ó ń mi orí bí lọ́yà.

Mọ́ńdè, 28 Fẹ́búárì

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kó má baà máa yí padà nínú mi.

Míìsì Agatha gba ìwé mi, ó pín in fún kíláàsì ẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo tún kọ́là ṣe. Mo ti gbàgbé ohun kan tó yẹ kí ẹni tó ti lọ ilé ìwé rí mọ̀: ọmọ ilé ìwé kì í fojú kàwé. Tíṣà á ka ìlà kan, gbogbo kíláàsì á ké e tẹ̀lé e pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ìjàpá gun kẹ̀kẹ́!" Orí mi wú. Nígbà tí wọ́n dé ibi orin, wọn ò kà á mọ́, wọ́n kọ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Oòrùn ràn bí iná.

Ibi tí àwọn ìyá wọn ti ń ṣe epo, òdìkejì títì ni. Mo kàn rí i tí wọ́n ń bọ̀. Epo pọ́n wọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá, wọn ò tilẹ̀ dúró fọ ọ́. Ìyá Bọ́lánlé ló ṣíwájú, òun ni olórí wọn níbẹ̀. Màámi wà lẹ́yìn pátápátá.

Ìyá Bọ́lánlé kúnlẹ̀ kí tíṣà, ìyẹn ló tilẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí la fi ṣẹ̀ yín? Ọmọ wa lẹ ní kí wọ́n máa fi ẹnu ara wọn sìnkú wa lọ́sàn-án gangan?"

Míìsì Agatha ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ìwé kíkà lásán ni."

"Àlọ́ ni. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tó máa parí sí. Ìyá ẹni tó kọ ọ́ ló pa á fún un."

Gbogbo wọn wo Màámi. Màámi wo ilẹ̀.

Ni oníkálukú bá ń fọwọ́ bo ọmọ ẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ọmọ ń sunkún, àpá ọwọ́ epo wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Gbogbo kíláàsì dákẹ́, àfi ohùn kan. Helen ni, ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀. Ó ṣì ń kà á lọ ní tiẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìyá Bọ́lánlé ní, "Ìwọ, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Helen ní, "Èmi lè kà á, mà. Èmi ò ní ìyá."

Ọ̀gá ilé ìwé wọlé, ó kó gbogbo ìwé náà jọ, ó dì í lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má gbé e dé ọgbà òun mọ́ títí àwọn ìyá wọ̀nyí á fi ní ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ní òun ò tilẹ̀ ní ra ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.

Wẹ́sìdeè, 1 Máàṣì

Ìròyìn ti dé gáréèjì ṣáájú mi. Àríyọ̀ bọ́ fìlà, ó tẹ̀ ba. "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Àríyọ̀."

Mo ní Méè ò tíì parí.

Mọ́ńdè, 6 Máàṣì

Ara Màámi gbóná. Wọn ò lọ ibi epo.

Túsìdeè, 7 Máàṣì

Nọ́ọ̀sì ní dísípẹ́ńsárì ní ibà ni, òjò àkọ́rọ̀ ti kó ẹ̀fọn dé. Ó fún wọn ní oògùn. Ó ní àìmọye èèyàn ló ní in ní Ìlútítun lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Mo gbọ́. Etí mi gbọ́. Inú mi ò gbọ́.

Àwọn obìnrin epo wá kí Màámi. Wọn ò bú mi. Wọ́n kí mi dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀.

Mi ò lè jókòó. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dé ojú ọ̀nà Ìkọ̀yà, mo yí padà láìta nǹkan kan. Mo wọ yàrá Màámi. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́. Mo ní mò ń wá bàtà mi. Mo jáde. Mo tún wọlé. Bàtà náà ni. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Jàfárù, ta ló wá ni èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ yẹn?"

Wẹ́sìdeè, 8 Máàṣì

Ibà ni. Ibà lásán ni. Mo kọ ọ́ kí n lè máa rí i.

Jímọ̀, 10 Máàṣì

Màámi jí, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀bà wá. Wọ́n ní ẹja tí mo fi sí i kéré, pé ṣé mo rò pé wọ́n ti kú ni mo ṣe ń ṣọ́ ẹja jẹ. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó sórí igi ìdáná.

Mo ní mo fẹ́ sun àwọn ìwé náà.

Wọ́n ní, "Sun kí ni? Wọ́n ti ní ìwé ẹ ló fẹ́ pa mí. Mo sọ fún wọn pé ìwé tí kò rówó pa kò lè rí èèyàn pa."

Ta ló sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún ẹnu?

Mọ́ńdè, 20 Máàṣì

Helen dá mi dúró lójú ọ̀nà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi ní ìwé òfo."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ hàn mí. Ìwé àlọ́ mi ni, èyí tí kò jẹ́ kí ọ̀gá rí gbà. Ó ti kọ nǹkan sí ẹ̀yìn gbogbo ojú ewé ẹ̀. Mo dúró nínú oòrùn, mo kà á. Adìyẹ ìyá àgbà ẹ̀ ni. Adìyẹ náà kì í yé sílé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pásítọ̀ ló ń lọ yé sí. Pásítọ̀ ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ìyá àgbà ní Ọlọ́run ò lè fi adìyẹ òun tọrẹ láìbi òun. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, adìyẹ nìkan ló ń lọ.

Mo wá ibi tí kò dáa nínú ẹ̀. Mo tún wá a. Inú bí mi. Ó dáa ju gbogbo Ìjàpá mi lọ.

"Ṣé irọ́ ni?"

"Ó ṣẹlẹ̀, sà. Ẹ lọ bi pásítọ̀."

Kẹ̀kẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ láàárọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń sọ ọ́ nínú ọjà. Kò pa ìyá ẹnikẹ́ni rí. Mo fún un ní ìwé òfo méjì àti pẹ́ńsù. Kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé èló ni.

Sátidé, 25 Máàṣì

Mo lọ bá Ìyá Bọ́lánlé níbi epo. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi, nínú eérú àti háhá ẹyìn. Mo ní mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kọ ìwé.

"Kò sí Ìjàpá nínú ẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Kò sí orin?"

"Kò sí."

"Kò sí irọ́?"

"Ìyá, ọmọdé ló máa kọ ọ́. Mi ò lè ṣe onídùúró wọn."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, òun náà ranjú mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ká wá máa kọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nítòsí wọn, kí àwọn lè máa gbọ́. "Tí mo bá fi gbọ́ àlọ́ pẹ́ẹ́, èmi gan-an ni mo máa pa ìyá ẹ." Màámi ń fọ ẹyìn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ dákun, ẹ pa Jàfárù náà mọ́ ọn."

Sọ́ńdè, 2 Épírì

Òní ni ìjọba ní kí mọ́tò gbogbo kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n gba ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo Ìlútítun dúró sẹ́bàá títì láti wo ẹni tó máa kọ́kọ́ gbàgbé. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde, wọ́n bá wa dúró. Àríyọ̀ so mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì kan, ó ń ké "Ọ̀tún! Ọ̀tún!", ọwọ́ òsì ló ń nà. Ewúrẹ́ nìkan ni wọn ò ròyìn fún. Helen dúró lórí òkúta, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ń wò ó, wọ́n wá ń bi mí bóyá pẹ́ńsù ṣì kù.

Wẹ́sìdeè, 12 Épírì

Àwọn ọmọ ti gba họlidé, wọ́n kún abẹ́ máńgòrò. Mo ní kí wọ́n kọ. Oníkálukú kọ ohun kan náà: "Ọmọ dáadáa ni mí. Mo máa ń gbọ́ràn sí àwọn òbí mi lẹ́nu." Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, gbogbo wọn ló dáa. Ìlú yìí kún fún áńgẹ́lì.

Mo ní, "Ó dáa. Ẹ pa á tì. Kí ló mú kí ìyá yín pariwo lánàá?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi pẹ́ńsù. Ọmọ Ìyá Bọ́lánlé, Bọ́lánlé fúnra ẹ̀, kọ tiẹ̀ débi pé ó fi ahọ́n ṣe atọ́nà. Tí ẹnì kan bá dúró, màá ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ìyẹn nìkan ni gbogbo iṣẹ́ tíṣà tí mo mọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo lọ láti ìhín sí ọ̀hún bí ajá tó sọ egungun nù. Inú mi dùn, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Jímọ̀, 21 Épírì

Òjò. Òjò. Kò sẹ́ni tó lè jáde.

Túsìdeè, 25 Épírì

Jethro tẹ ìwé àwọn ọmọ. Orúkọ gbogbo wọn wà níwájú, ó kún dénú. Ó ní, "Ìwọ dà?"

"Kò sáàyè."

"Mo lè sún wọn kí n fi ẹ há ibì kan."

"Fi wọ́n sílẹ̀."

Mo sọ fún un pé kò dùn mí. Ó dùn mí láti Òkìtìpupa títí mo fi délé.

Wẹ́sìdeè, 3 Méè

Míìsì Agatha kà á ní kíláàsì lónìí, oòrùn wà lókè, àwọn ọmọ ń ké e tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo dúró síta, ojú mi wà lódìkejì títì. Wọ́n ka ti adìyẹ. Mo gbọ́ ẹ̀rín láti ibi epo. Wọ́n ka ti Bọ́lánlé, bí ìyá ẹ̀ ṣe fi ẹran pamọ́ sínú ìkòkò ọṣẹ nígbà tí àlejò dé, tí bàbá ẹ̀ sì fi ọṣẹ náà wẹ̀. Ẹ̀rín níbi epo di ariwo. Ohùn Ìyá Bọ́lánlé ló lé jù: "Ta ló ní kó kọ ìyẹn? Bọ́lánlé, màá rí ẹ nílé." Ṣùgbọ́n kò sọdá. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí tíṣà pé kí wọ́n tún un kà, pé àwọn tó lọ pọnmi ò gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí ìwé náà máa wà ní kíláàsì. Ó ní, "Jàfárù, ṣọ́ọ̀kì ti tán lọ́wọ́ wa o."

Mo ti ṣẹ́gun. Kí ló dé tí mi ò lè jókòó?

Helen wá bá mi nídìí kẹ̀kẹ́. "Gbogbo wa la ti kọ tiwa. Tiyín dà?"

Sátidé, 6 Méè

Mo kọ tèmi. Ojú ewé mẹ́ta. Mo kà á fún wọn lábẹ́ máńgòrò. Láàárín ìlà kejì, Bọ́lánlé ti ń fa koríko. Mo kà á tán.

Helen ní, "Bọ̀ọ̀dá, ibi tẹ́ ẹ ti ń yin ara yín yẹn ti pọ̀ jù. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ìtàn náà, sà."

Mo ya ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní kí n ya ìkejì náà. Ó ku ìkan, ibi tí ara Màámi ti gbóná tí mo sì ń wọlé wọ̀de. Mo kà á. Mi ò fi ẹ̀rín kan sí i, èmi tí mo lè ta abẹ́rẹ́ fún alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí mo parí, gbogbo wọn ń wò mí.

Helen ní, "Ṣé ìyá yín mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Mi ò sọ fún wọn."

"Ẹ lọ kà á fún wọn. Ẹ̀yin ṣì lè kà á fún wọn."

Sọ́ńdè, 7 Méè

Mo bá Màámi níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ṣa ẹyìn. Mo ní mo fẹ́ ka nǹkan. Wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Wọn ò dá iṣẹ́ dúró, àfi nígbà tí mo dé ibi tí mo ti tẹríba sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń gbọ́ bóyá wọ́n ń mí.

Wọ́n ní, "Mi ò sùn nígbà yẹn."

"Màámi?"

"Mo di èémí mi mú. Mo fẹ́ mọ ohun tó o máa ṣe."

Mo ká ìwé náà, mo tún un tú.

"O pè mí ní Wúwú."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè wọ́n kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé Wúràọlá ni wọ́n ń jẹ́, ibi tí ahọ́n mi gbà á dé nìyẹn.

Wọ́n ní, "Kò sí nínú èyí tó o kà yẹn. Fi sí i."

"Màámi, kíláàsì ni wọ́n ti máa kà á. Gbogbo Ìlútítun ló máa gbọ́."

"Fi sí i."

Mo fa pẹ́ńsù yọ, mo kọ ọ́. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n tẹjú mọ́ ìwé náà. Wọn ò mọ̀wé.

"Èwo ni èmi níbẹ̀?"

Mo fi ìka mi lé Wúwú, mo fi hàn wọ́n.